Bàálù wo ni ká wọ̀ lọ Leeds pẹ̀lú ọmọ méjì àti ẹrù rẹpẹtẹ?

Nọ́ọ̀sì_Ìbàdàn

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará ibí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láìdá sí i, ṣùgbọ́n ó ti kàn mí báyìí. Físà wa jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ilé ìwòsàn ìjọba kan ní Leeds ló gbà mí síṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Èmi, ọkọ mi, ọmọ wa obìnrin ọlọ́dún mẹ́fà àti àbúrò rẹ̀ olóṣù mẹ́wàá la jọ ń lọ. Ìbàdàn la wà, Èkó la ó ti wọ bàálù.

Ẹ́jẹ́ǹtì kan to ọ̀nà mẹ́ta síwájú wa. Àkọ́kọ́, bàálù tó ń lọ tààrà sí London, báàgì kan kílò 23 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ìkejì, èyí tó máa dúró lọ́nà fún wákàtí mẹ́rin kó tó gbé wa dé Manchester, báàgì méjì-méjì, owó rẹ̀ sì fi díẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìkẹta ló dínwó jù: tíkẹ́ẹ̀tì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, a ó kọ́kọ́ balẹ̀ sí Yúróòpù, a ó tún wá wọ òmíràn lọ Manchester.

Ìkẹta ni ọkọ mi ń wò nítorí owó. Ọkàn mi ò balẹ̀ sí i. Ọkọ mi ga, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í gba ibi tóóró. Ọmọ kékeré ò fẹ́ kí wọ́n gbé òun kalẹ̀. Ẹrù tó wà nílẹ̀ sì tó kún ilé méjì. Kí lẹ rí sí i?

Ọmọ_Ìjẹ̀bú

Ẹ kú oríire ma. Tààrà ni o. Wákàtí mẹ́fà àti ààbọ̀, ẹ ti dé London. Ta ló fẹ́ máa gbé ọmọ olóṣù mẹ́wàá káàkiri pápákọ̀ òfuurufú ìlú onílùú lóru? Ẹ fi ẹrù sílẹ̀ jàre. Aṣọ wà ní Leeds.

Ìyá_Ìbejì_Manchester

Ọmọ Ìjẹ̀bú, ó hàn pé o ò tíì kó ọmọ rìnrìn àjò rí.

Àbúrò mi nọ́ọ̀sì, ẹ kú oríire, Ọlọ́run á jẹ́ kó yẹ yín. Ẹ gbọ́ tèmi. Nígbà tí a ń bọ̀, tààrà la wọ̀ dé Heathrow, inú wa dùn pé a ti dé. A ò mọ̀ pé ìrìn àjò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Aago márùn-ún ìdájí, ìbejì jẹ́ ọlọ́dún mẹ́ta, báàgì ńlá mẹ́rin, kékeré mẹ́ta. Tírọ́lì pápákọ̀ ò bá yín wọ rélùwéè abẹ́ ilẹ̀. Ọkọ mi á gbé báàgì kan gun àtẹ̀gùn, á sọ̀ kalẹ̀ wá gbé òmíràn, èmi á dúró ti ìyókù nísàlẹ̀, Táyé lọ́wọ́ ọ̀tún, Kẹ́hìndé lọ́wọ́ òsì. Ẹsẹ̀ báàgì kan ti kán láti Èkó, ó ń ha ilẹ̀ gààràgà, gbogbo èèyàn ń yíjú wò wá. Nígbà tí a fi máa dé Euston, ibùdó tí wọ́n ti ń wọ rélùwéè lọ Manchester, rélùwéè tí a ti ra tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sílẹ̀ ti lọ. Tíkẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú yẹn, rélùwéè kan ṣoṣo ló wà fún. A tún òmíràn rà.

Ẹ̀yin ń lọ Leeds. Láti Heathrow, ẹ ó lo bíi wákàtí kan lábẹ́ ilẹ̀ kí ẹ tó dé ibùdó rélùwéè King's Cross, kí ẹ tó wá jókòó wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú díẹ̀ dé Leeds. Ti Gatwick, níbi tí Air Peace bẹ̀rẹ̀ sí í já èrò Èkó sí láti oṣù kẹta ọdún 2024, fi díẹ̀ sàn: rélùwéè kan wà níbẹ̀ tó ń lọ St Pancras láìsí ìpààrọ̀, ẹ kàn máa sọdá títì bọ́ sí King's Cross ni. Ṣùgbọ́n láti inú pápákọ̀ Manchester gan-an, rélùwéè wà tó ń lọ Leeds tààrà, kì í tó wákàtí kan àti ààbọ̀.

Ibi tí ẹ ó sùn lálẹ́ ọjọ́ tí ẹ bá dé ni kí ẹ fi yan bàálù. London ò kàn yín.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú

Ẹ má bínú ma. Mo ti bí ọ̀kan o, ìyá rẹ̀ ló máa ń gbé e 😂

Baba_Tíkẹ́ẹ̀tì

Ọdún mẹ́rìnlá ni mo fi ta tíkẹ́ẹ̀tì ní Allen kí n tó pa ṣọ́ọ̀bù dé. Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí ọ̀nà kẹta yẹn kí ẹnikẹ́ni tó san kọ́bọ̀.

Nàìjíríà wà lára orílẹ̀-èdè 12 tí àwọn ará Schengen, ìyẹn àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó ń lo físà kan náà, ní ọmọ ibẹ̀ gbọ́dọ̀ gba físà kó tó lè gba inú pápákọ̀ wọn kọjá, bí kò tilẹ̀ ní jáde síta. Ti tíkẹ́ẹ̀tì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wá burú ju ìyẹn lọ, torí jíjáde lẹ ó jáde. Bàálù àkọ́kọ́ ò mọ ìkejì rí. Wọn ò ní so ẹrù yín mọ́ Manchester. Ẹ ó gba ẹrù, ẹ ó kọjá níwájú àwọn aṣọ́bodè, ẹ ó tún lọ tò ní káńtà kejì bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti ilé bọ̀. Físà UK kì í ṣí ilẹ̀kùn yẹn. Èkó gan-an ni wọ́n ti máa dá yín dúró, ọmọ lẹ́yìn, ẹrù nílẹ̀, owó sì ti wọgbó. Ká tilẹ̀ ní ẹ ní físà Schengen, bí bàálù àkọ́kọ́ bá pẹ́, ìkejì ò ní dúró dè yín, kò sì sẹ́ni tó máa dá owó padà.

Ẹ bá mi bi ẹ́jẹ́ǹtì yẹn bóyá ó sọ gbogbo èyí fún yín. Bí kò bá sọ ọ́, ẹ wá ẹlòmíràn.

Àbíkẹ́_Calgary

Òótọ́ ni Baba sọ, àfi kí n fi kiní kan kún un fún àwọn tó ń bọ̀ wá sí Kánádà. Ẹni tí físà Kánádà, Amẹ́ríkà tàbí Japan bá wà nínú pásípọ́ọ̀tì rẹ̀ tí ọjọ́ rẹ̀ ò tíì kọjá, wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú físà ìkọjá yẹn. Èmi gba Frankfurt wá láìgba físà wọn. Ṣùgbọ́n tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni, wọ́n ti so ẹrù mọ́ Calgary láti Èkó, mi ò jáde kúrò nínú ọgbà. UK ti kúrò nínú ẹgbẹ́ Yúróòpù, tiwọn ò sí nínú ìyọ̀ǹda yẹn.

Nọ́ọ̀sì_Ìbàdàn

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ka ti Baba fún ọkọ mi létí. Ó ní kí n kà á lẹ́ẹ̀kejì. Ọ̀nà kẹta ti kú.

Mo wá jókòó ṣírò. Èèyàn mẹ́ta ló ní ìjókòó, ọmọ ọwọ́ ò ní. Bá a bá lọ tààrà, báàgì mẹ́ta, kílò 69. Bá a bá gba Manchester, mẹ́fà, kílò 138. Owó tí ìkejì fi ju àkọ́kọ́ lọ ò tó owó báàgì kan tí èèyàn bá rà lọ́tọ̀. Ṣé kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn?

Baba_Tíkẹ́ẹ̀tì

Kò tíì parí. Ẹ má béèrè pé báàgì mélòó ni ilé iṣẹ́ yìí ń fún èrò. Irú tíkẹ́ẹ̀tì wo ni? Ìyẹn ni ìbéèrè. Nínú bàálù kan náà, lórí ìjókòó tó fara kan ara, ẹnì kan lè ní báàgì méjì, ẹnì kejì ọ̀kan, ẹnì kẹta òfo, nítorí iye tí kálukú san. Ó máa ń wà lára tíkẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀: 2PC jẹ́ báàgì méjì, 1PC ọ̀kan, 0PC, ẹ múra láti ju apá lásán. Ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ́jẹ́ǹtì ò sí nínú kọ̀ǹpútà pápákọ̀. Kí ẹ rí 2PC níwájú orúkọ ẹni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí ẹ tó sanwó, kí nọ́ńbà ìwé yín sì jẹ́ ẹyọ kan láti Èkó dé Manchester.

Báàgì ọwọ́ ló tún ń da èèyàn rú. Ethiopian, tó ń fún èrò Nàìjíríà ní méjì oníkílò 23, kílò 7 ni tiwọn lọ́wọ́. Qatar àti Emirates, 7 náà ni. Turkish, 8. Virgin, 10. British Airways wá dá yàtọ̀: báàgì ọwọ́ tiwọn lè tó kílò 23, bí ẹ bá ti lè fi ọwọ́ ara yín gbé e sókè orí ìjókòó. Mo mọ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tó jẹ́ torí ìwé nìkan ni wọ́n ṣe ń wọ̀ ọ́. Ẹ̀yin tí ọmọ wà láyà yín, ta ló máa gbé kílò 23 sókè?

Ẹlẹ́rù_Ìkẹjà

Ìdí ẹ̀rọ ìwọ̀n ni mo ń ṣiṣẹ́ ní pápákọ̀ Murtala Muhammed, mi ò ní sọ ti ilé iṣẹ́ wo. Ohun tí mo ń fi ojú rí lójoojúmọ́ ni mo fẹ́ sọ.

Kílò 46 kọ́ ni wọ́n fún yín. 23 méjì ni. Wọn kì í ṣe nǹkan kan náà. Màmá kan á gbé 28 àti 18 wá, á ní "ẹ ṣáà rò ó pọ̀, kò ju 46 lọ." Ẹ̀rọ ò mọ ìròpọ̀. Màmá á tú báàgì sílẹ̀ lórí táìlì, àwọn èèyàn á máa fo yẹ̀rì rẹ̀ kọjá, á kó gààrí kúrò nínú pupa sínú dúdú, pupa á sọ̀ kalẹ̀ sí 23, dúdú náà á pé 23. Ó ti bọ́ sí i lórí. Ṣùgbọ́n ó ti làágùn tán, gèlè ti tú, ọmọ ń ké, òun nìkan ló sì mọ ohun tó ti ṣubú sẹ́yìn káńtà.

Ẹ ra ìwọ̀n kékeré onírin tí wọ́n ń fi ọwọ́ gbé. Ẹ wọn gbogbo rẹ̀ nílé, ẹ fi í sí 22, torí ìwọ̀n yín àti tiwa lè má fohùn ṣọ̀kan. Tí báàgì kan bá fi lè ju 32 lọ, ẹ má wulẹ̀ mówó jáde, a ò ní gbé e. Torí ẹ̀yìn àwọn tó ń kó ẹrù sínú bàálù ni wọ́n ṣe fi òpin sí i. Gígùn, fífẹ̀ àti gíga rẹ̀, tí ẹ bá ro mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, kò gbọdọ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 158 lọ ní ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́. Ghana-must-go ò burú fún ọjà Bódìjà. Lórí bẹ́líìtì tiwa, ìkọ́ ló ń fà á ya.

Páwà báǹkì, inú báàgì ọwọ́ ni o, kò gbọdọ̀ wọ inú ẹrù ìsàlẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ 20,000 sí lára bọ́ sí nǹkan bíi 74Wh (Wh ni wọ́n fi ń wọn agbára bátìrì), wọ́n gbà á. Òpin ibi tí ẹ ò ti ní tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ni 100Wh.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù lọ́kàn mi nìyí. Kí ẹ tó kúrò ní káńtà, ẹ ka bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹrù. Báàgì mẹ́fà, bébà mẹ́fà, kí MAN, àmì pápákọ̀ Manchester, wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bó bá jẹ́ ibi tí ẹ ó ti pààrọ̀ bàálù ni wọ́n kọ síbẹ̀, ẹ pariwo nígbà yẹn, ẹ má dúró dìgbà tí ẹ bá dé ọ̀hún. Bí bébà méje bá sì jáde lórúkọ yín, ariwo ìyẹn gan-an ni kí ẹ pa jù. Ní 2018, wọ́n mú akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan ní Saudi nítorí báàgì tramadol tí àwọn kan so mọ́ orúkọ rẹ̀ ní pápákọ̀ Kano, kò sì mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Oṣù kẹrin ọdún 2019 ni wọ́n tó tú u sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́: ẹ ya fọ́tò báàgì yín lórí ìwọ̀n, kí nọ́ńbà kílò hàn. Ẹ má sì bá ẹnikẹ́ni mú "ẹ kàn bá mi fún àbúrò mi ní Manchester." Bó jẹ́ Bíbélì ni.

Ọkọ_Nọ́ọ̀sì

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Èmi ni ọkọ tí wọ́n ń sọ. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ forúkọ sílẹ̀ torí ó jọ pé wọ́n ti ń pín ẹrù mi lẹ́yìn mi.

Télọ̀ ni mí. Ìyàwó mi ò sọ fún yín pé orí máṣíìnì mi wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Máṣíìnì dúdú onírin ni, ọ̀gá mi ló fà á lé mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ ìyọ̀ǹda mi. Mo wọ̀n ọ́n: kílò 13. Ìyàwó mi ní kí n fi sílẹ̀ fún àbúrò mi, pé òun á ra tuntun fún mi ní Leeds. Èmi mọ tuntun tí wọ́n ń tà, ike ni. Ankara á kọjá, jíìnsì á kọjá, aṣọ òkè ńkọ́?

Ọmọ_Ìjẹ̀bú

Ẹ̀gbọ́n, mo wà lẹ́yìn yín. Kí wọ́n yọ ìkòkò kan kúrò.

Ìyá_Ìbejì_Manchester

Ìkòkò wo? Ìkòkò tí a fi ń ro àmàlà fún yín kọ́?

Ẹ gbé máṣíìnì náà, ọkọ àbúrò mi. Aṣọ tí ẹ bá rán níhìn-ín lóṣù àkọ́kọ́ máa ran ìyàwó yín lọ́wọ́, torí òpin oṣù ni owó oṣù ìjọba máa ń wọlé. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi sílẹ̀ ni nǹkan tó kàn ń gba àyè: bùláńkẹ́ẹ̀tì, àwo tánganran, bàtà mẹ́rìnlá. Ẹ̀rọ ìlọta lè bọ̀, iná wọn àti tiwa ò yàtọ̀, ẹnu ìho ògiri náà dọ́gba.

Ẹlẹ́rù_Ìkẹjà

Ọ̀gá télọ̀, ẹ yọ abẹ́rẹ́ rẹ̀, ẹ fa gbogbo epo inú rẹ̀ gbẹ. Ẹ fi aṣọ nípọn wé e, kí ẹ sì gbé e sí àárín báàgì, ní apá ibi tí táyà wà, kó má baà máa fì. Síṣọ́ọ̀sì ńlá yín, inú ẹrù ìsàlẹ̀ ni. Bí ẹ bá gbé e lọ́wọ́, àwọn tó ń yẹ ara wò á gbà á, ẹ ò sì ní rí i mọ́.

Nọ́ọ̀sì_Ìbàdàn

Àwọn ọkùnrin ti fìdí kalẹ̀ sórí máṣíìnì. Ẹ jẹ́ ká padà sórí ẹsẹ̀ ọkọ mi àti ọmọ, ẹ jọ̀ọ́. Àti oúnjẹ. Màmá mi ti sun ẹja àrọ̀ kún agbọ̀n méjì, wọ́n tún ń wá pọ̀nmọ́ kiri.

Baba_Tíkẹ́ẹ̀tì

Ẹ wo irú bàálù tí wọ́n kọ mọ́ ìwé yín. Boeing 777, ìjókòó mẹ́wàá ló sábà máa ń wà lórí ìlà kan, mẹ́ta, mẹ́rin, mẹ́ta, ìgbọ̀nwọ́ á máa bá ìgbọ̀nwọ́ jà. 787 àti A350 jẹ́ mẹ́ta-mẹ́ta-mẹ́ta. A330 jẹ́ méjì, mẹ́rin, méjì, tọkọtaya tí kò tíì bímọ ni mo máa ń fi síbẹ̀. Ẹ̀yin mẹ́ta àti ọmọ ọwọ́, 787 tàbí A350 ló bá yín mu, torí ìlà mẹ́ta á di tiyín, ẹ ò ní rí àjèjì láàárín. Afẹ́fẹ́ inú 787 tún dà bí ti orí òkè tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 6,000, ti àwọn bàálù àtijọ́ máa ń tó 8,000. Ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ máa mọ̀ ọ́n lára: orí ò fi bẹ́ẹ̀ fọ́, ọ̀fun ò gbẹ hán-ún hán-ún.

Ìjókòó ẹnu ilẹ̀kùn àbájáde láyè fún ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í fi ẹni tó gbé ọmọ síbẹ̀, ọmọdé náà ò gbọdọ̀ jókòó níbẹ̀. Ọ̀gá télọ̀ nìkan ló máa lọ ibẹ̀, kó fi ìyàwó sílẹ̀ pẹ̀lú ọmọ méjì. Ìyẹn ò ní dára nílé. Ìlà iwájú tó kọjú sí ògiri ló yẹ yín, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé ibùsùn ọmọ kọ́. Ẹ gbọ́dọ̀ pe ilé iṣẹ́ náà ṣáájú, kò pọ̀, kì í sì í dúró de ẹni. Ẹ wọn ọmọ náà pẹ̀lú. Ibùsùn yẹn ní òpin kílò, ọmọ olóṣù mẹ́wàá tó jẹun kánú lè ti kọjá rẹ̀.

Wákàtí mẹ́rin tí ẹ ó fi dúró lọ́nà, èmi ò ka ìyẹn sí ìyà. Wákàtí kan àti díẹ̀ ni ìyà, tí ẹ ó máa sáré láti ẹnu ọ̀nà kan dé èkejì, kẹ̀kẹ́ ọmọ ò tíì jáde. Ní wákàtí mẹ́rin, ẹsẹ̀ ọ̀gá á nà, ẹ ó pààrọ̀ ìlédìí ọmọ lórí nǹkan tí kì í mì.

Ìyá_Ìbejì_Manchester

Bí bàálù bá ti ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ fún ọmọ lọ́mú. Gbígbé mì ló ń ṣí etí.

Oúnjẹ: ẹran ò wọlé sí UK láti ilẹ̀ wa. Ẹran díndín, súyà, kílíṣí, gbogbo rẹ̀. Pọ̀nmọ́ awọ màlúù ni, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi bẹ màmá. Wàrà àti ohun tí wọ́n bá fi mílíìkì ṣe náà ò wọlé. Ẹja gbígbẹ wọlé, kò gbọdọ̀ ju kílò 20 lọ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ẹja agbọ̀n méjì ò sì lè tó bẹ́ẹ̀. Mílíìkì ọmọ onílúbúlúbú tí agolo rẹ̀ ò tíì ṣí, ó wọlé dé kílò 2. Gààrí àti èlùbọ́ ò dá èmi dúró rí, ṣùgbọ́n ẹ fi ọ̀rá méjì di èlùbọ́, ẹ fi okùn so ó lẹ́yìn náà. Ọ̀rá kan ò tó.

Ẹ má kó aṣọ ọmọ gbogbo sínú báàgì kan, ti bàbá sínú òmíràn. Ẹ pín in. Kí báàgì kọ̀ọ̀kan ní díẹ̀díẹ̀ ti gbogbo yín. Ẹ̀yin náà mọ ìdí.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú

Káàgò ńkọ́? Wọ́n ń gbé kílò-kílò lọ UK láti Ìsọlọ̀.

Baba_Tíkẹ́ẹ̀tì

Ó dára fún ohun tí kò yára. Ẹni tó ń kó lọ gbé pátápátá lè kọ̀wé sí ìjọba wọn pé òun ń ṣí ilé, kí wọ́n má gba owó orí lórí ẹrù tó ti lò ju oṣù mẹ́fà lọ. ToR ni wọ́n ń pè é. Kí ẹ kọ ọ́ kí ẹrù tó kúrò nílẹ̀.

Bí ẹrù bá pẹ́ tàbí tó fara gbọgbẹ́, ẹ má jáde kúrò ní pápákọ̀ láìkọ ọ́ sílẹ̀ ní káńtà wọn, kí wọ́n fún yín ní ìwé PIR, ẹ̀rí pé ẹ ti fẹjọ́ ẹrù náà sùn. Fún ẹrù tó fọ́, ọjọ́ 7 ni àyè tí òfin Montreal, àdéhùn àgbáyé lórí ìrìn àjò bàálù, fi sílẹ̀ láti kọ̀wé ẹ̀sùn. Fún ẹrù tó pẹ́, ọjọ́ 21 lẹ́yìn tó bá dé yín lọ́wọ́. Òpin tí wọ́n lè san fún èrò kan jẹ́ 1,519 SDR (ìwọ̀n owó tí àjọ IMF ń lò) láti ìparí ọdún 2024, nǹkan bíi 2,000 dọ́là. Ohun ọ̀ṣọ́, owó àti ìwé ẹ̀rí nọ́ọ̀sì, àyà ni ká gbé ìyẹn sí.

Nọ́ọ̀sì_Ìbàdàn

*(ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà)*

Ẹ̀yin ará, a ti dé o. Ọ̀nà kejì la gbà. Mi ò ní dárúkọ bàálù náà, ẹ ó rí ìdí rẹ̀ níwájú.

Ní Èkó, gbogbo báàgì wa wà láàárín 21 àti 22.5, ọkùnrin tó wọ̀n ọ́n ní "ẹ ti múra dáadáa." Mo fẹ́ sọ fún un pé Ẹlẹ́rù_Ìkẹjà ló kọ́ wa, mo bá dákẹ́, bóyá òun náà ni. Bébà mẹ́fà, MAN mẹ́fà. Ọkọ mi ya fọ́tò gbogbo rẹ̀. Ọmọ ò gba ibùsùn yẹn, ó ti tó kílò 10 àti ààbọ̀, àyà mi ló sùn sí. Ṣùgbọ́n ìlà iwájú la jókòó sí, ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ nà.

Ní Manchester, báàgì márùn-ún ló jáde. A dúró títí bẹ́líìtì fi dúró. Mo wo ọkọ mi, ọkọ mi wo bẹ́líìtì. Ẹ ti mọ èyí tí kò jáde: dúdú, tó ní máṣíìnì nínú. Kò sọ̀rọ̀ kankan. A kọ ọ́ sílẹ̀ ní káńtà, a fi fọ́tò hàn wọ́n, wọ́n fún wa ní ìwé PIR. Rélùwéè wá gbé wa dé Leeds láìpààrọ̀, àánú Ìyá Ìbejì ṣe mí nígbà tí mo rántí àtẹ̀gùn yẹn. Aṣọ ò wọ́n ẹnikẹ́ni nínú wa, torí a ti pín in.

Ọjọ́ kẹta, ọkùnrin kan kan ilẹ̀kùn, ó gbé dúdú lé ẹnu ọ̀nà. Ọ̀rá méjì ni mo fi di èlùbọ́, mo búra, ṣùgbọ́n mo gbàgbé okùn. Gbogbo rẹ̀ ti bú. Máṣíìnì dúdú ti di eérú. Ọkọ mi gbé e sórí tábìlì, ó fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ fọ̀ ọ́ láti aago méje alẹ́ títí mo fi sùn. Nígbà tí mo jí, ó ti fi rán kọ́tínì yàrá àwọn ọmọ, kọ́tínì náà ń rùn bí àmàlà.

Ó kù ìbéèrè kan. Ibo ni wọ́n ti ń ta èlùbọ́ ní Leeds?

Ìyá_Ìbejì_Manchester

Harehills. Ẹ wọ kóòtù. Kí ẹ sì ra okùn bọ̀.